Bí Fèrè Sànúsí Ṣe Wálẹ̀ ní Coconut

Bí ẹ bá rí tírélà tó kó ìrẹsì jáde ní Àpápá, tí òjò rọ̀ sí i títí tó fi dé Ìbàdàn, tí ẹrù rẹ̀ kò sì tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Mọ́nsúrátù ló rán tapólì tí wọ́n fi bò ó. Abẹ́rẹ́ tó fi ń rán an gùn ju ìka àárín mi lọ, ó sì máa ń fi ìda pa okùn rẹ̀ kó lè yọ̀. Ilẹ̀ ló ń jókòó sí ní Coconut, ibùdókọ̀ kan lójú ọ̀nà èbúté, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, yóò tẹ́ tapólì lé e, yóò sì máa bú àwọn dẹ́rẹ́bà tó bá fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í bú. Ó bú èmi náà rí, nítorí pé mo kí i kú iṣẹ́ nígbà tó fi eyín di okùn mú tí kò lè dáhùn.

Ilé Bàbá Akínsànyà ní Ajégúnlẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Èmi ni Láńre, tíṣà físíìsì, tó tún ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ìyá Àdùfẹ́ ni mo máa ń pe Mọ́nsúrátù, nítorí Àdùfẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí mo kọ́ ní físíìsì kó tó wọ yunifásítì ní Ìlọrin. Yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Akpevwe, obìnrin Urhobo kan tó ń dirun fún àwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àgbàlá onísìmẹ́ńtì kan àti ẹ̀rọ omi ló wà láàárín wọn. Akpevwe náà bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Juliet. Nígbà tí àwọn ọmọ náà ṣì kéré, Akpevwe ló ń dirun Àdùfẹ́ ní gbogbo ọdún Iléyá, Mọ́nsúrátù ló sì ń pọn Juliet nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ní oníbàárà. Èdè tí àwọn ìyá méjèèjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ní orúkọ. Apá kan rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, apá kan jẹ́ pijin, èébú ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Sànúsí ni ọkọ Mọ́nsúrátù. Tírélà ló ń wà, kọ̀ǹtéénà ló sì ń kó jáde ní èbúté Tin Can. Mi ò tíì rí ẹni tó ń wakọ̀ bíi tirẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà níwájú rẹ̀, yóò dúró kí kẹ̀kẹ́ lọ. Bí ewúrẹ́ bá fẹ́ sọdá, yóò dúró de ewúrẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ó fi ọ̀dà pupa kọ Ẹ̀SỌ̀ LAYÉ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń sọ pé bí ilé bá ń jó tí òun rán Sànúsí lọ bu omi, eérú ló máa wá bá.

Àwọn dẹ́rẹ́bà Coconut ní àṣà kan. Olúkúlùkù ló ń yan fèrè tí yóò fi sínú ọkọ̀ rẹ̀, kò sì ní í yan èyí tí ohùn rẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Ìyàwó dẹ́rẹ́bà tí kò bá dá fèrè ọkọ rẹ̀ mọ̀, wọ́n á fi ṣẹ̀sín títí yóò fi kúrò láàárín wọn. Bí Sànúsí bá ti já ẹrù, tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, yóò ti tẹ fèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ Mọ́nsúrátù, kò sì ní í gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi kọjá rẹ̀ dáadáa. Mọ́nsúrátù kì í dìde. Ó kàn máa ń na ọwọ́ tó fi mú abẹ́rẹ́ sókè ni. Sànúsí á lọ gúnlẹ̀ sí páàkì tó wà níwájú, á sì fẹsẹ̀ rìn padà wá jókòó tì í. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn mẹkáníìkì sì máa ń bá wọn dápàárá pé ìfẹ́ àgbà ló ń dún yẹn.

Ààwẹ̀ ọdún tó kọjá ni nǹkan bàjẹ́. Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, orí ìlà àwọn tírélà tó ń dúró láti wọ èbúté ni Sànúsí ti ń ṣínu, pẹ̀lú dàbínù àti omi inú ọ̀rá. Mọ́nsúrátù ń dá ṣínu tirẹ̀ ní Coconut. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìlà túká, ọ̀nà tí àwọn tírélà máa ń sùn lé lórí wá ṣófo gbalaja. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Mọ́nsúrátù ti gbé ẹ̀kọ́ àti àkàrà èèyàn méjì kalẹ̀, ó fi abọ́ dé e, ó sì gbé fóònù sẹ́nu, ó ń bá Àdùfẹ́ sọ̀rọ̀. Kò mọ̀wé kọ, nítorí náà ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sílẹ̀ tí á fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹnu ọ̀rọ̀ yẹn ló wà tí fèrè Sànúsí fi dún, tí ọkọ̀ rẹ̀ fi kọjá. Ó tẹ ohùn náà ránṣẹ́. Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tó fi gbọ́ tí irin kọlu irin níwájú.

Juliet ń bá ejẹ́ǹtì kan tó ń gba ẹrù jáde ṣiṣẹ́ ní Wharf Road. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó mú ìwé ẹrù lọ fún dẹ́rẹ́bà kan ní Coconut. Ó ń sọdá títì nígbà tí Sànúsí yọ sí i. Sànúsí tẹ búréèkì, orí ọkọ̀ yà sápá kan, ẹ̀yìn rẹ̀ fì sápá kejì, ó gbá Juliet, ó sì lọ kọlu tírélà tó dúró sílẹ̀. Juliet kú lójú ẹsẹ̀. Sànúsí kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ọjọ́ kan náà ni ilé wa pàdánù àwọn méjèèjì, mo sì sunkún débi tí mi ò mọ ẹni tí mò ń sunkún fún nínú wọn mọ́.

Wọ́n sin Sànúsí lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá nínú àgbàlá, Akpevwe dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, irun tirẹ̀ ló tú sílẹ̀ wúruwùru.

Ó ní, "E dey fly. Everybody see am. Na run e dey run when e kill my pikin."

Mọ́nsúrátù dáhùn láti inú yàrá rẹ̀, "Ọkọ mi kì í sáré."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ gbẹ̀yìn nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Àdúgbò wá pín sí méjì lé e lórí. Àwọn dẹ́rẹ́bà búra pé Jẹ́jẹ́ kò sáré rí láyé rẹ̀, àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì búra pé ó ń fò. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń jẹ́rìí, àwọn tó wà nílé tí wọ́n ń sùn náà ń jẹ́rìí, tiwọn ló sì máa ń pariwo jù. Ọlọ́pàá wọn ilẹ̀, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n lọ. Mọ́nsúrátù wọ inú opó, kò gbọdọ̀ jáde. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, Akpevwe á ti tirẹ̀. Bí Akpevwe bá wà nídìí ẹ̀rọ omi, Mọ́nsúrátù á gbé garawa rẹ̀ padà sínú yàrá. Wọ́n jọ tọ́ ọmọ dàgbà o, wọn kò wá lè jọ pọn omi mọ́. Ó máa ń dùn mí wọ eegun bí mo bá rí i.

Bàbá Akínsànyà, onílé wa, ni kò lè fara dà á mọ́. Ó kó wa jọ sínú àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, torí Mọ́nsúrátù kò lè lọ síbòmíràn. Ó bẹ Akpevwe pé kó gbà pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Akpevwe ní, "Baba, mo ti gbọ́. I no say make she give me back my pikin. She no fit. Make she just open mouth talk say the man run. Only that one. Kí ó sọ ọ́, kí n lè sùn."

Gbogbo wa yíjú sí Mọ́nsúrátù. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú aṣọ opó, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ká ní ó sọ̀rọ̀ tútù lọ́jọ́ náà ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mo sọ fún yín pé kò sí ẹni tí kì í bú, ẹ ò lè retí kó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀bi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ o. Bí ọkọ mi bá sáré lọ́jọ́ yẹn, orúnkún mi ni màá fi rìn láti ẹnu ọ̀nà mi yìí dé ẹnu ọ̀nà Màmá Juliet, níṣojú gbogbo yín. Mo fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ta ló wọn eré ọkọ̀ rẹ̀ nínú yín?"

Bàbá Akínsànyà mi orí. "Mọ́nsúrátù, ẹyin lọ̀rọ̀ o."

Mọ́nsúrátù wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn tó parí opó, ó padà sí Coconut, ó ń rán tapólì, ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì sọ fún mi pé kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ. Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo ń dá tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń wá orin tí akọrin wa kò ní í bà jẹ́ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo rí i lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ síta, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ. Ó wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lé itan.

"Láńre, Àdùfẹ́ sọ fún mi nígbà kan pé o kọ́ wọn pé èèyàn lè fi ohùn mọ bí nǹkan ṣe ń sáré tó. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ẹni tí ò lọ sílé ìwé."

Mo ṣàlàyé. Mo ní ohùn máa ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìgbì-ìgbì, bí omi ọ̀sà. Bí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ó ń lé àwọn ìgbì náà mọ́ra wọn, wọ́n á dé etí yín léraléra, ohùn fèrè á lọ sókè. Bó bá ti kọjá, tó ń lọ, ó ń fi àwọn ìgbì sílẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á jìnnà síra, ohùn á wálẹ̀. Fèrè kò yí padà o, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ló gbọ́ ọ. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré tó ni ohùn náà á ṣe já wálẹ̀ tó. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Doppler ló ṣàwárí rẹ̀ láyé àtijọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ó máa ń wálẹ̀. Mi ò kàn mọ̀ pé ó lórúkọ ni."

Ó wá ṣí fóònù náà. Àwọn ohùn tó ti fi ránṣẹ́ sí Àdùfẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ti ọjọ́ ìjàǹbá àti ti àwọn ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, fèrè Sànúsí sì wà nínú díẹ̀ lára wọn. Kò gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ fún ti ọjọ́ ìjàǹbá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka fà á dé ibi tó fẹ́.

"Ibi fèrè nìkan ni kí o gbọ́. Ohun tó wà ṣáájú ẹ̀, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni."

Mo kọ́kọ́ gba ọ̀kan nínú ti àtijọ́. Fèrè dún, ó gùn, ó sì wálẹ̀ díẹ̀. Mo wá a lórí kíbọ́ọ̀dù, láti fà sí mí, kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan wà lórí fóònù mi tó máa ń ka iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ka 332 bí ọkọ̀ ṣe ń bọ̀, ó ka 316 nígbà tó kọjá. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ó yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, ẹ ó fi àpapọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tó kù, ẹ ó wá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú eré tí ohùn fúnra rẹ̀ ń sá, èyí tó tó àádọ́ta-lé-lẹ́gbẹ̀fà kìlómítà ní wákàtí kan nínú ooru Èkó yìí.

"Ọgbọ̀n kìlómítà, ó lé díẹ̀," ni mo wí. "Àwọn kẹ̀kẹ́ á máa yà á sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Jẹ́jẹ́ nìyẹn. Ọkọ mi nìyẹn."

Ó tẹ ti ọjọ́ ìjàǹbá. Fèrè náà wọlé sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó sì máa wálẹ̀, ó já lulẹ̀. Láti sọ̀ dé fà kò gbà á, ó tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kó tún un tẹ̀. Fóònù mi ka 345, ó ka 304. Mo ṣe ìṣirò náà, mo tún un ṣe, mo wò ó bóyá fèrè mìíràn ni. Fèrè kan náà ni. Bí ẹ bá yọ eré ọkọ̀ kúrò nínú ti ọjọ́ ìjàǹbá àti ti àtijọ́, ohùn kan náà ló máa kù, fèrè tí Sànúsí yan fúnra rẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́, ó wù mí láti purọ́. Mo wo obìnrin náà lórí bẹ́ńṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì tútù, mo sì kórìíra físíìsì bí ẹni kórìíra ọ̀tá.

"Ìyá Àdùfẹ́, fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ohùn dáadáa. Ariwo náà pọ̀ níbẹ̀. Ó lè jẹ́..."

"Láńre. Mélòó?"

"Ọgọ́rin ni, mà. Ó dín díẹ̀."

Kò sunkún. Ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí òtútù mú. Ó ní, "Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Kó tó dé iwájú mi rárá ni mo ti mọ̀. Ohùn tí mo ti ń gbọ́ látìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó, ṣé màá ṣì í gbọ́ ni? Mo kàn ní kí n wá bi ọ́, bóyá ìwé tìrẹ á sọ pé etí mi ló purọ́."

"Ta ló máa mọ̀, mà? Èmi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó tán síbí."

"Àwọn èèyàn ò mọ̀. Èmi mọ̀." Ó dìde. "Akpevwe ní kí n sọ ọ́ kí òun lè sùn. Láti ọjọ́ yẹn, èmi náà ò sùn."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, àgbàlá kún. Akpevwe jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń dirun fún oníbàárà kan. Mọ́nsúrátù ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Kò tẹ́ nǹkan kan sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì àgbàlá wa rí gbágungbàgun, Bàbá Akínsànyà ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé òun máa tún un ṣe. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí eékún rẹ̀ ti ń dùn ún láti orí ilẹ̀ Coconut, ń fi orúnkún wọ́ bọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan di ìró rẹ̀ mú. Ó yí ẹ̀rọ omi po. Àwọn ọmọdé fẹ́ rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn gbá wọn lẹ́nu.

Bàbá Akínsànyà jáde. "Mọ́nsúrátù, dìde. Ó tó. Mo ní ó tó."

Kò dúró, ó ń wọ́ lọ. Nígbà tó dé iwájú Akpevwe, ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára ìró rẹ̀ níbi orúnkún.

Akpevwe ò dìde. Ìyarí wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wetin be this?"

"Mo wá san ẹ̀jẹ́ mi. Ọkọ mi sáré. Láńre ti fi ohùn fèrè rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Sànúsí sáré, Màmá Juliet, ó sáré."

Akpevwe wò ó títí. Mo rò pé yóò bú u, tàbí kó gbá a létí, kò sì sẹ́ni tí ì bá dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"I know. I don know since. Ṣùgbọ́n kí ló dé? Sànúsí wey dey wait for goat. That one day wey my pikin dey cross, wetin dey pursue am?"

Kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn nínú àgbàlá náà àyàfi ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó lè sọ pé òun kò mọ̀. Ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ti pé, orúnkún rẹ̀ ti bó, ó lè padà sí yàrá rẹ̀. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ibi tó so fóònù mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró. Ó mú un jáde, ó sì tẹ ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ibi tí kò jẹ́ kí n gbọ́.

Ohùn tirẹ̀ ló jáde, ohùn Mọ́nsúrátù ìgbà tí ara ṣì dá a, tó ń rẹ́rìn-ín. "Àdùfẹ́ mi, ṣé o ti wá nǹkan tí o máa fi ṣínu? Èmi ń dúró de bàbá ẹ o. Mo sọ fún un láàárọ̀ pé bí kò bá dé bá mi ṣínu lónìí, kó má wulẹ̀ padà wálé, kó lọ fẹ́ tírélà ẹ̀. Ó ní òun á dé kí wọ́n tó pe ìrun. Ṣé ò ń gbọ́ yẹn? Òun ló ń bọ̀ yẹn." Fèrè náà dún, ó lọ sókè, ó wá já wálẹ̀. Mọ́nsúrátù inú fóònù bú sẹ́rìn-ín. "Áà, ọkùnrin yìí mà ń sáré o. Jẹ́jẹ́ ń sáré. Èmi ló ń sáré bọ̀ wá bá."

Ohùn náà dá síbẹ̀.

Oníbàárà tí Akpevwe ń dirun fún dìde wẹ́rẹ́, apá kan orí rẹ̀ dì, apá kan kò dì, ó sì kúrò níbẹ̀. Mọ́nsúrátù tẹrí ba. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú, tí kò sun nínú opó, tí kò sun nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ló jáde. Èmi náà yíjú sí ògiri.

Akpevwe ní, "Where that thing stop so. Juliet still dey."

Mọ́nsúrátù gbójú sókè.

"Ibi tó dúró sí yẹn," Akpevwe wí, "Juliet never die. Your husband never die. Àwọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀." Ó fi ìyarí sílẹ̀. "Play am again."

Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì gbọ́ kó sọ ọ́, mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bi í. Ṣùgbọ́n bí Mọ́nsúrátù bá dé láti Coconut nírọ̀lẹ́, tó ti fọ ìda okùn kúrò lọ́wọ́, yóò gbé àpótí rẹ̀ kọjá ẹ̀rọ omi, yóò jókòó lẹ́nu ọ̀nà Akpevwe, yóò sì mú fóònù jáde. Ọjọ́ Sunday yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì, tí ọ̀kan ṣì kúnlẹ̀. Mọ́nsúrátù tún un tẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ kọjá, ọ̀rọ̀ ìṣínu kọjá, fèrè bẹ̀rẹ̀, ó ń ga sí i, ó ń bọ̀. Akpevwe na ọwọ́ sí i.

Ó ní, "Stop am. Stop am there."

Mọ́nsúrátù dá a dúró síbẹ̀, níbi tí ohùn fèrè ṣì wà lókè, tí Sànúsí ṣì ń bọ̀, tí Juliet kò tíì sọdá.